Ṣùtì Tí Sìdí Kò Yọ

Ọjọ́ tí mo wọ ilé ọkọ, Sìdí ni ó fọ ẹsẹ̀ mi. Àṣà ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì ni. Ìyàwó kì í wọlé láìjẹ́ pé wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀, ìyálé rẹ̀ ni ó sì máa ń gbé igbá omi náà dání. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe rí: ọkọ rẹ gbé obìnrin mìíràn lé ọ lórí, wọ́n tún ní kí o bẹ̀rẹ̀, kí o fi ọwọ́ ara rẹ fọ erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Wọ́n ti fi aṣọ bò mí lójú, ṣùgbọ́n aṣọ náà fẹ́lẹ́, mo sì ń wo ẹnu Sìdí láti abẹ́ rẹ̀. Mò ń dúró kí ètè rẹ̀ yí díẹ̀, kí ó yọ ṣùtì kékeré kan sí mi. Mo ti di èsì mi sílẹ̀ láti ilé bàbá mi ní Oníyanrìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í kú sí mi lẹ́nu. Ètè Sìdí kò yí. Ó fọ ẹsẹ̀ mi tán, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó ní, "Káàbọ̀, ìyàwó wa. Rọra wọlé, ilẹ̀ ń yọ̀."

Èsì tí mo dì sílẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ó ṣì wà nínú mi di òní.

Karimat ni orúkọ mi, èmi sì ni ìyàwó kejì ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ Sìdí Àbẹ̀ní, ìyálé mi, ni. Ẹlẹ́kọ ni. Bí ẹ bá ti ra ẹ̀kọ ní Ọjà'ba láàárọ̀ rí, tí ó ń dán, tí kò ní èèrí kankan nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀ ni ẹ jẹ. Kì í pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé láìjẹ́ pé ó ti fi ìka kékeré tọ́ ọ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò padà sídìí iná, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní bú ẹni tó lọ àgbàdo. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ Ìbàdàn kò mọ̀ ju èébú lọ. Wọn kò tíì pàdé Sìdí ni.

Nínú agbo ilé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Orúkọ ni à ń fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ inú ìyàwó, ẹ gbọ́ orúkọ tó ń pe àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ wa kan wà tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí. Gbààwẹ̀-má-rù ni mò ń pè é. Sìdí ń pè é ní Ọkọ-mi-Òdòdó. Ẹ sì wá wo bí ọkùnrin náà ṣe ń jẹ́ ẹ, tí gbogbo eyín rẹ̀ á wà níta!

Ẹni kan ṣoṣo tí èmi àti Sìdí jọ ń bẹ̀rù ni ìyá ọkọ wa, Àlàájà Ṣìfáwù. Obìnrin rere ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń fún ènìyàn lóúnjẹ, ó máa ń wẹ ọmọ, bí àìsàn bá ṣe ọ́, kò ní sùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kéré sí i tó gbọ́ "má bínú" lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun ni ó wá mi wá. Lẹ́yìn tí Sìdí bí Afeez, kò tún bímọ mọ́, Àlàájà sì ní ilé ọmọ òun kò ní wà lórí ẹsẹ̀ kan. Wọ́n sọ fún mi pé ìdí ààrò ni Sìdí wà, ó ń ro ẹ̀kọ, nígbà tí Àlàájà dúró lé e lórí, tó ní, "Ìyàwó ń bọ̀ ní Sátidé. Wá omi tútù sílẹ̀." Sìdí kò dáwọ́ ẹ̀kọ dúró. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu síta.

Báyìí ni a ṣe ń gbé. Mo bí Jamilah, Sìdí ni ó pọ̀n ọ́n tí ó fi rìn. Èmi tí mo wá pẹ̀lú ìjà, mi ò rí ẹni bá jà. Nígbà tó yá, mo di ẹni tó ń bá a gbé igbá ẹ̀kọ lọ sọ́jà, ẹni tó bá sì bú u lójú mi, ó ti fọwọ́ kan iná.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni rọpárọsẹ̀ kọlu Sìdí nídìí ààrò, pẹ̀lú igi tó fi ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́. Apá òsì rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ lọ sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó há sí ọ̀fun ìgò. Abdulmumin, ọkọ wa, gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n gbà á sílẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ki rọ́bà bọ ọ́ nímú, inú rọ́bà náà sì ni wọ́n ń da oúnjẹ rẹ̀ sí. Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bá ń jẹ mọ́ínmọ́ín, Sìdí á yí ojú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ gbogbo ló yé e. Ẹnu ni kò gbà fún un.

Àlàájà kò kúrò nídìí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bẹ́ẹ̀ ló jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orí Sìdí wà, tòun ti tẹ̀súbáà rẹ̀. A ní kí ó lọ sílé lọ sùn, ó ní, "Mi ò ní fi ìyàwó mi sílẹ̀ fún àlejò."

Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan wá, Olúwapẹ̀lúmi lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, jíjẹ àti mímu àwọn tí àìsàn bá ti ba ẹnu wọn jẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi sọ ọ́ ní Dókítà Ẹnu. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájà, ìyẹn wù mí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó jókòó kọjú sí Sìdí.

"Ẹ fi eyín yín hàn mí, mà."

Sìdí fi eyín hàn án. Ẹ̀rín rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

"Ẹ gé eyín pọ̀, kó le." Dókítà Ẹnu fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì bí ó ṣe ń gé e. "Ó dáa. Ẹ wá na ahọ́n yín síta báyìí."

Sìdí kò ṣe nǹkan kan.

"Bí mo ṣe ń ṣe yìí, mà." Ni ọmọbìnrin náà bá na ahọ́n tirẹ̀ síta, gbọọrọ.

Tẹ̀súbáà dákẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà. "Ta ni ọmọ yìí ń yọ ahọ́n sí?"

"Àlàájà, iṣẹ́ ni," mo ní.

"Iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ yíyọ ahọ́n sí àgbà?"

Dókítà Ẹnu bẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí Sìdí kó ètè jọ síwájú, Sìdí ń wo òkè àjà. Ó ní kí ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì kí atẹ́gùn kún ibẹ̀, Sìdí di ojú. Ó fi igi pẹlẹbẹ kan ti ahọ́n rẹ̀, ó ní kí ó ti igi náà padà, ahọ́n náà sùn sílẹ̀. Ó ní kí ó máa wí pa-ta-ka, pa-ta-ka. Ohùn díẹ̀ jáde láti ọ̀nà ọ̀fun, ètè kò pàdé ètè. Inú mi bàjẹ́. Mo rò pé ẹnu Sìdí ti kú.

Lẹ́nu ọ̀nà, Dókítà Ẹnu ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ wa, Bàbá Afeez. "Àgbọ̀n wọn lágbára. Ètè wọn ń ṣí, àmọ́ mi ò rí i kó pa dé, ahọ́n ò sì ṣiṣẹ́ rárá. Tí ètè ò bá pa dé, tí ahọ́n ò sì lè ti oúnjẹ sẹ́yìn, oúnjẹ á ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa wọ́n. Rọ́bà tó wà nímú yẹn ò sì ṣeé fi síbẹ̀ pẹ́. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ tí kò sí àyípadà, àwọn dókítà á lu ihò sí ikùn wọn, wọ́n á máa ti ibẹ̀ fún wọn lóúnjẹ."

"Títí dìgbà wo?" Bàbá Afeez bi í.

"Mi ò mọ̀, sà. Fún àwọn míì, ó máa ń pẹ́ gan-an."

Bàbá Afeez jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Èmi padà wọlé, omi sì ń dà lójú Sìdí. Ó ti gbọ́. Ẹlẹ́kọ tí kò ní lè tọ́ ẹ̀kọ wò mọ́, kí ni kí á máa pè é?

Ọjọ́ kejì, Àlàájà jáde lọ kírun ọ̀sán. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gé èékánná Sìdí, ni nọ́ọ̀sì kan bá já wọlé.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ wo apẹ̀rẹ̀, ẹ wo kẹ́tùrù! Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì yìí, ẹ ti sọ wọ́ọ̀dù di Ọjà'ba!"

Ó yí padà, ó ń lọ. Mo ti la ẹnu kí n fún un ní tirẹ̀, nígbà tí ojú mi ṣèèṣì kan Sìdí. Ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì náà ni ó ń wò. Ètè rẹ̀ kó jọ síwájú, ó rọra yí sí ẹ̀gbẹ́, ṣóńṣó ahọ́n sì yọ láàárín rẹ̀. Ṣùtì gidi ni! Ṣùtì tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ tó ti fọ ẹsẹ̀ mi!

Mo fò dìde. "Ìyálé mi! Ṣé ṣùtì lẹ yọ yẹn?"

Sìdí fi ọwọ́ ọ̀tún bo ẹnu wàrà. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà tí Àlàájà gbà jáde, ẹ̀rù sì wà nínú ojú náà bíi ti ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Ta ló ń yọ ahọ́n níṣojú ìyá ọkọ rẹ̀? Ta ló ń kó ètè jọ sí i? Fífẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Bí ìyàwó bá wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú Àlàájà Ṣìfáwù, wọ́n á pe ẹbí. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ní kí Sìdí ṣe, ìwọ̀sí ni lójú àgbà. Sìdí kò sì fi ìwọ̀sí lọ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa.

Mo sáré wá Dókítà Ẹnu lọ, mo rò fún un. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Tó bá jẹ́ ìyá tèmi náà ni, wọ́n á ti gbá mi létí." Ó wá ronú díẹ̀. "Àmọ́ mà, ẹnu lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ kó má lè ṣe é tá a bá ní kó ṣe é. Ọpọlọ ló máa ń fa ìyẹn. Kí n tó lè fún wọn lómi, àfi kí n fojú ara mi rí i, nígbà tí mo bá ní kí wọ́n ṣe é. Ọ̀la náà ni Ọjọ́bọ̀. Ẹ bá mi bẹ ìyá kí wọ́n jáde fúngbà díẹ̀."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ta ni yóò sọ fún Àlàájà? Mo wo Bàbá Afeez, Bàbá Afeez rántí pé òun fẹ́ wo mọ́tò níta. Ó wá ku èmi àti ẹnu mi.

Mo bá Àlàájà lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí ẹnu Sìdí ṣiṣẹ́."

"Èmi? Èmi tí mo jókòó tì í tí ẹ̀yìn ń ro mí?"

"Ojú yín ló ń tì í. Ẹ̀rù yín ló ń bà á."

"Ṣé mo nà án rí ni?"

"Ẹ ò nà án. Ẹ kàn ní kó wá omi tí yóò fi fọ ẹsẹ̀ mi ni."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ó yé mi pé èmi gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń kà sí i lọ́rùn. Àlàájà kò bú mi, ìyẹn ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Ó gbé kẹ́tùrù rẹ̀, ó lọ kírun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dókítà Ẹnu fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì ká, Àlàájà sì dìde láìjanpata, ó jáde. Ó ku àwa mẹ́ta. Ara mi ti balẹ̀.

"Ẹ na ahọ́n yín síta, mà. Kò sí ẹni tó máa bínú."

Sìdí kò na ahọ́n. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Mo bá a wo ilẹ̀. Lábẹ́ kọ́tìnì, sálúbàtà aláwọ̀ ewé méjì dúró, ẹsẹ̀ àgbàlagbà sì wà nínú wọn. Àlàájà kò lè lọ jìnnà. Ẹ̀yìn kọ́tìnì náà ni ó dúró sí.

Dókítà Ẹnu tún bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ ṣe é, ó fi ojú ṣe é, kò sí àyípadà. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ tí wọn yóò fi gbé e lọ lu ihò ikùn náà bọ̀ lọ́nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní, "Ìyálé mi, ẹ gbà mí, ẹ yọ ọ́ sí mi. Ó yẹ kí ẹ ti yọ ọ́ sí mi tipẹ́!" Sìdí mi orí.

Kọ́tìnì ṣí. Àlàájà wọlé, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó tẹ̀ síwájú, ó sì yọ ahọ́n sí Sìdí. Ahọ́n àgbàlagbà, tí obì ti pa láró. Ó tún kó ètè jọ, ó yọ ṣùtì tí mi ò mọ̀ pé àgbà lè yọ.

"Mo ti kọ́kọ́ yọ tèmi," ó ní. "Yọ tìrẹ."

Sìdí mi orí, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Àbẹ̀ní. Ọjọ́ tí mo ní kí o wá omi sílẹ̀ de Karimat, mi ò bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú rẹ. O ní, 'Ẹ ṣé, Màámi.' Ṣé ọpẹ́ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Àlàájà tún tẹ̀ síwájú.

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo wá gbà. Tèmi ni. Yọ ọ́ sí mi."

Ètè Sìdí ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n yọ, díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ sí òsì, ṣùgbọ́n ó jáde. Ó jáde dé ibi tó ṣeé wò.

"Ẹ gbé e sí ọ̀tún, mà," Dókítà Ẹnu sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀ lọ. Ahọ́n lọ sí ọ̀tún. "Sí òsì. Ẹ kó ètè jọ. Ẹ fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́." Gbogbo rẹ̀ ni Sìdí ń ṣe, ojú Àlàájà ni ó sì ń wò, kò wo Dókítà rárá. Ọmọbìnrin náà fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Atẹ́gùn ń jò díẹ̀ lápá òsì. Àmọ́ ètè dì í mú. Ó dì í mú!"

"Ó kù," Àlàájà ní. "Ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yọ ọ́ dáadáa!"

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún ni mò ń sun. Nọ́ọ̀sì tó bú mi yẹn yọjú, ó rí àgbà Àlàájà àti aláìsàn tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí ara wọn, ó yára fa kọ́tìnì padà.

Dókítà Ẹnu ní kí àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ dúró ná. Ó gbé Sìdí jókòó dáadáa, ó bu omi díẹ̀ sínú ṣíbí, ó sì fi ìka lé ọ̀fun rẹ̀. Sìdí gbà á. Ọ̀fun lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa ń dúró de ikọ́. Ikọ́ kò wá. Ó tún fún un, ikọ́ kò wá. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ gbé nǹkan tó ki dání, tó jọ̀lọ̀?"

Ilé ẹlẹ́kọ mà ni ó ń bi léèrè yẹn! Mo ṣí fúláàsì ẹ̀kọ mímu, èyí tí mo ti ń gbé wá lójoojúmọ́ tí mo sì ń gbé padà sílé. Àlàájà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ó bu díẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e sí Sìdí lẹ́nu. Sìdí dì í mú lórí ahọ́n, ó ń tọ́ ọ wò bí ó ṣe máa ń ṣe nídìí ààrò, ó sì gbé e mì.

Ètè rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a gbọ́ ọ.

"Ẹ má... ẹ má bínú, Màámi."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Àlàájà. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, bíi pé òun náà ni wọ́n ń yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

"Ìwọ ni kí o má bínú, Àbẹ̀ní," ó ní.

Ó bu ṣíbí kejì. Sìdí la ẹnu, ó gbà á.